Sparta: Ìlú tí Ó Fi Ènìyàn Ṣe Odi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bí ìlú kan bá wà ní ayé àtijọ́ tí ó sọ irú èrò yìí di òfin, tí ó fi tọ́ ọmọdé, tí ó sì fi ṣe ìwọ̀n àgbà, Sparta ní ilẹ̀ Gíríìkì ni. Ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí agbára ìlú náà ti tán, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ lẹ́nu aráyé. Bí àwọn òyìnbó bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan le, pé ó ń fara da ìyà, pé kò ka fàájì sí, orúkọ Sparta ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìyìn yìí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn máa bèèrè: bí ìlú náà bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ìjà ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ọdún 371 ṣáájú Kírísítì (Ṣ.K.), ni ó fọ́ agbára rẹ̀, tí kò sì lè gbérí mọ́? Ojú ogun kọ́ ni ìdáhùn wà. Inú oko ni ó wà, àti nínú ilé tí wọ́n ti ń jẹun, àti nínú iye àwọn ènìyàn tí ìlú náà gbà pé wọ́n jẹ́ ọmọ òun.

Ilẹ̀ náà àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀

Apá gúúsù ilẹ̀ Gíríìkì ni Sparta wà, ní agbègbè Laconia, lẹ́bàá odò Eurotas. Òkè Taygetus, tí ó ga ju 2,400 mítà lọ, nà gbọọrọ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ìlú náà kò rí bí Áténì, tí ó kún fún ilé òrìṣà olókùúta dídán. Àkójọpọ̀ abúlé tí ó sún mọ́ ara wọn ni Sparta, kò sì ní odi fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Thucydides, òpìtàn ará Áténì tí ó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún Ṣ.K., sọ pé bí ìlú náà bá dahoro, tí ó ku ilé òrìṣà àti ìpìlẹ̀ ilé nìkan, yóò ṣòro fún àwọn ìran tí ń bọ̀ láti gbà pé agbára rẹ̀ tó òkìkí rẹ̀. Àwọn ará Sparta kò ka èyí sí àbùkù. Lójú tiwọn, àwọn ọkùnrin ìlú ni odi ìlú.

Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ni ó ń gbé ilẹ̀ tí Sparta ń ṣàkóso. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ onílùú, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Homoioi, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn tí ó bá ara wọn dọ́gba. Àwọn nìkan ni ó ní ohùn nínú ìpàdé ìlú, àwọn nìkan ni ó lè joyè, iṣẹ́ ogun sì ni iṣẹ́ wọn. Òfin kò gbà wọ́n láyè láti ṣòwò tàbí láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìkejì ni àwọn Perioikoi, ìyẹn àwọn ará àyíká. Wọ́n ní òmìnira nínú àwọn ìlú kéékèèké tiwọn. Àwọn ni alágbẹ̀dẹ àti oníṣòwò, wọ́n sì ń bá Sparta lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohùn nínú ìjọba. Ìkẹta ni àwọn Helot, tí wọ́n pọ̀ ju àwọn ọmọ onílùú lọ fíìfíì. Àwọn ni wọ́n ń dáko tí gbogbo ìlú ń jẹ.

Àwọn Helot kì í ṣe ẹrú tí a rà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Messenia, ilẹ̀ ọlọ́ràá kan tí ó wà ní òdìkejì òkè Taygetus. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ Ṣ.K., Sparta gbógun lọ bá wọn, ó gba ilẹ̀ wọn, ó sì sọ wọ́n di ẹni tí ń ro oko baba ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ṣọ̀tẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje, ogun náà sì le púpọ̀. Akéwì Tyrtaeus, tí ó gbé ayé nígbà náà, ni ó fi ewì ki àwọn ọmọ ogun Sparta láyà. Òun náà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdajì ohun tí ilẹ̀ Messenia bá mú jáde ni àwọn tí a ṣẹ́gun ń gbé fún ọ̀gá wọn.

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Sparta wà. Àwọn ìlú Gíríìkì yòókù ní jagunjagun, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Bí àkókò ìkórè bá dé, wọn a fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀, wọn a gbé dòjé. Ọmọ onílùú Sparta kò ní dòjé láti gbé. Ẹlòmíràn ni ó ń ro oko rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ráyè kọ́ ogun jíjà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni kò fi lè sinmi kíkọ́ ogun, nítorí pé ẹni tí ń ro oko náà kò gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀.

Ọba méjì nínú ìlú kan

Lycurgus ni àwọn ará Sparta gbà pé ó fi òfin wọn lélẹ̀. Àmọ́ Plutarch, tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn Kírísítì, jẹ́wọ́ pé kò sí ohun kan nípa ọkùnrin náà tí àwọn òpìtàn kò jiyàn lé lórí. Ohun tí ó dájú ni bí ìjọba wọn ṣe rí. Ọba méjì ni ó ń wà lórí oyè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti ìdílé Agiad, èkejì láti ìdílé Eurypontid. Àwọn ni wọ́n ń ṣáájú ogun, tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà fún ìlú. Ìgbìmọ̀ àgbà tí wọ́n ń pè ní Gerousia ní ènìyàn 30, ìyẹn ọba méjèèjì àti àgbà 28 tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 60. Bí ààyè kan bá ṣí sílẹ̀, ariwo ni wọ́n fi ń dìbò: ẹni tí àwọn ará ìlú bá hó fún jù lọ ni ó wọlé.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn Ephor márùn-ún, tí wọ́n ń yàn lọ́dọọdún. Agbára wọn tó láti pe ọba lẹ́jọ́ àti láti bu owó ìtanràn lé e. Xenophon, ọmọ Áténì tí ó bá àwọn ará Sparta gbé, sọ pé oṣooṣù ni ọba ń búra pé òun yóò ṣàkóso gẹ́gẹ́ bí òfin, tí àwọn Ephor náà sì ń búra lórúkọ ìlú pé bí ọba bá pa ìbúra rẹ̀ mọ́, mìmì kan kò ní mi ìtẹ́ rẹ̀. Bí a bá wo inú agbo àwọn ọmọ onílùú nìkan, ìjọba tí kò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbá agbára mọ́ra ni. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn agbo náà ni òfin kò rí.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Plutarch sọ pé àwọn àgbà a máa yẹ ọmọ tuntun wò, pé wọn a sì ju èyí tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá sínú ọ̀gbun lẹ́bàá Taygetus. Gbogbo ayé ni ó mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó sọ ọ́, ó sì ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà tí Sparta gbilẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn yẹ egungun inú ihò Keadas wò, ihò tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ọ̀gbun náà, egungun àgbà àti ti ọ̀dọ́ ni wọ́n rí, wọn kò rí ti ọmọ tuntun. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń sọ ìtàn náà ní kíláàsì fi èyí kún un.

Ní ọmọ ọdún méje ni ọmọkùnrin ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ìlú sì ń gba títọ́ rẹ̀. Agbo ni wọ́n ń kó wọn sí, ọ̀dọ́ tí ó jù wọ́n lọ ni ó sì ń ṣe olórí agbo kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń rìn láìwọ bàtà. Bí wọ́n bá ti pé ọmọ ọdún méjìlá, aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò yípo ọdún, yálà ní òtútù tàbí nínú ooru. Wọ́n ń sùn lórí ewéko tí wọ́n fi ọwọ́ já létí odò Eurotas. Ìwé kíkà díẹ̀ ni wọ́n kọ́, ìwọ̀n tí ó bá tó wọn lò, ṣùgbọ́n orin àti ijó gba àkókò púpọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó bá mọ ìlù ni ó ń mọ ìtò lójú ogun. Ìró fèrè ni ọmọ ogun Sparta fi ń wọ̀jà.

Oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn kì í tó. Bí ebi bá pa ọmọ, ó lè jí oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, pàṣán ni. Xenophon ṣàlàyé pé kì í ṣe olè jíjà ni wọ́n ń nà án fún, bí kò ṣe pé kò mọ̀ ọ́n jà. Ìdí ẹ̀kọ́ yìí ni pé kí ọmọ mọ bí a ti ń ṣọ́ nǹkan, bí a ti ń fara pa mọ́, bí a ti ń rí oúnjẹ ní ilẹ̀ ọ̀tá. Ìtàn ọmọ tí ó fi ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ó jí pa mọ́ sábẹ́ aṣọ, tí ẹranko náà fi èékánná àti eyín ya inú rẹ̀ títí ó fi kú láìké, ti ọwọ́ Plutarch wá. Bí ó ṣẹlẹ̀, bí kò ṣẹlẹ̀, ó fi ohun tí àwọn ará Sparta fẹ́ kí ọmọ wọn jẹ́ hàn.

Wọn kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Àwọn ará Sparta ì bá gba òwe yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ara orúkọ Laconia ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ tí ó fi ń pe gbólóhùn kúkúrú tí ó kún fún ìtumọ̀. Wọ́n ní nígbà tí Philip ọba Masidóníà ránṣẹ́ sí wọn pé bí òun bá wọ Laconia, òun yóò lé wọn jáde pátápátá, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi dá a lóhùn: “Bí.”

Tábìlì kan, ọbẹ̀ kan

Ní ọmọ ogún ọdún ni ọ̀dọ́kùnrin ń di ọmọ ogun, kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ ìpè ogun títí yóò fi pé ọgọ́ta ọdún. Bí ó tilẹ̀ ti gbéyàwó, kò gbọdọ̀ máa gbé ilé rẹ̀ kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Alaalẹ́, gbogbo ọmọ onílùú ń jẹun pọ̀ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, nǹkan bí ènìyàn 15 sí ẹgbẹ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo wọn fẹ́. Wọn a ju ekìrí búrẹ́dì sínú abọ́ tí ìránṣẹ́ gbé sórí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fún tirẹ̀ pẹ̀lẹbẹ, wọn kò ní gba onítọ̀hún wọlé. Ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sè ni oúnjẹ wọn tí ó lókìkí jù, àwọn àlejò kì í sì í lè jẹ ẹ́. Ọlọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ jẹun nílé rẹ̀ kí ó tó wá. Irin ni owó wọn, ó wúwo, kò sì níye lórí níbòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè kó o pamọ́ láìjẹ́ pé ayé rí i.

Ẹ̀wà ìdọ́gba nìyí. Àmọ́ ìlẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn tábìlì náà. Oṣooṣù ni ẹnìkọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìwọ̀n ọkà bálì, ọtí wáìnì, wàràkàṣì àti èso ọ̀pọ̀tọ́ tirẹ̀ wá láti inú oko tí àwọn Helot ń ro fún un. Ẹni tí kò bá rí i mú wá mọ́ kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ó dọ́gba mọ́. Àtọmọ, àtọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó bọ́ sílẹ̀, akíkanjú yòówù kí ó jẹ́ lójú ogun. Aristotle rí àléébù yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin Ṣ.K. Ó ní ètò tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ti di ohun tí ń lé tálákà jáde.

Àwọn obìnrin Sparta

Ohun tí ó ya àwọn ará Gíríìkì yòókù lẹ́nu jù ni àwọn obìnrin Sparta. Àwọn ọmọbìnrin wọn ń sáré, wọ́n ń jìjàkadì, wọ́n ń ju ọ̀kọ̀, nítorí ìgbàgbọ́ pé ìyá tí ó lágbára ni yóò bí ọmọ tí ó lágbára. Wọn kì í tètè wọlé ọkọ bí àwọn ọmọbìnrin Áténì. Wọ́n lè ní ilẹ̀, wọ́n sì lè jogún rẹ̀. Cynisca, àbúrò ọba Agesilaus, kó ẹṣin lọ sí ìdíje Olympia, kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ sì borí ní ọdún 396 àti 392 Ṣ.K. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn tí ó borí níbẹ̀.

Aristotle kò fẹ́ràn èyí. Ó sọ pé nígbà ayé tirẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ Sparta ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, òmìnira náà ní ẹni tí ń san owó rẹ̀. Xenophon sọ ọ́ láìfi bò pé iṣẹ́ aṣọ híhun, tí àwọn obìnrin Gíríìkì yòókù ń jókòó tì látàárọ̀, àwọn ẹrúbìnrin ni wọ́n gbé e fún ní Sparta.

Thermopylae àti àwọn tí ìtàn gbàgbé

Ní ọdún 480 Ṣ.K., Xerxes ọba Páṣíà kó ogun ńlá wọ ilẹ̀ Gíríìkì. Ọba Leonidas ti Sparta lọ dí ọ̀nà tóóró Thermopylae mọ́ ọn pẹ̀lú 300 ọmọ onílùú àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun láti àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tí ẹnì kan fi ọ̀nà orí òkè han àwọn ará Páṣíà, Leonidas ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa lọ. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró, wọ́n sì kú síbẹ̀. Àwọn 300 yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Síbẹ̀, Herodotus tí ó kọ ìtàn náà sọ pé 700 ọkùnrin láti ìlú Thespiae kọ̀ láti lọ, wọ́n sì bá wọn kú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Helot kú níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn 300 náà, Aristodemus, kò kú. Ojú ń dùn ún, ó sì padà sílé. Ní Sparta, kò sí ẹni tí ó fún un ní iná dáná, kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Ojo ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún kejì, ní ogun Plataea, ó já kúrò nínú ìtò, ó sì jà bí wèrè títí ó fi kú. Àwọn ará Sparta gbà pé ó gbóyà, ṣùgbọ́n wọn kò bọlá fún un, nítorí wọ́n ní ó fẹ́ kú ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú wọn, ẹni tí ó dúró nínú ìtò, tí ó fi asà rẹ̀ bo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni akíkanjú.

Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú ilé

Ní Plataea kan náà, Herodotus ka 5,000 ọmọ onílùú Sparta, ó sì ka 35,000 Helot tí ó tẹ̀ lé wọn, méje sí ẹnì kan. Iye yìí tó láti jẹ́ kí a mọ ohun tí ń da oorun wọn láàmú. Ọdọọdún ni àwọn Ephor ń kéde ogun lórí àwọn Helot, kí ó má bàa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú àwọn òrìṣà bí ẹnikẹ́ni bá pa wọ́n. Wọn a tún rán àwọn ọ̀dọ́ kan jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ àti oúnjẹ díẹ̀, kí wọ́n fara pa mọ́ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì pa Helot tí wọ́n bá bá lójú ọ̀nà lóru.

Thucydides sọ èyí tí ó burú jù. Nígbà ogun Sparta àti Áténì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 431 Ṣ.K., wọ́n kéde pé kí àwọn Helot yan àwọn tí ó jà dáadáa jù fún ìlú nínú ara wọn, pé wọn yóò dá irú wọn sílẹ̀. Nǹkan bí 2,000 ni wọ́n yàn. Wọ́n dé adé òdòdó, wọ́n yí ilé òrìṣà ká pẹ̀lú ayọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n pòórá, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe pa ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó fi ìgboyà hàn jù ni Sparta bẹ̀rù jù, bí kò bá ti jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Bí odi ṣe ń wó díẹ̀díẹ̀

Ní ìgbà Thermopylae, gẹ́gẹ́ bí Herodotus ṣe sọ, Sparta ní nǹkan bí 8,000 ọmọ onílùú tí ó lè jagun. Ní nǹkan bí ọdún 464 Ṣ.K., ìsẹ̀lẹ̀ ńlá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn Helot sì lo àǹfààní náà láti ṣọ̀tẹ̀. Ní ọdún 425, nígbà tí àwọn ará Áténì mú 292 ọmọ ogun lẹ́rú ní erékùṣù Sphacteria, nǹkan bí 120 péré nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ onílùú, síbẹ̀ Sparta ṣe tán láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà nítorí wọn. Ìlú tí ènìyàn bá ṣẹ́ kù sí kì í lè fi ọgọ́fà ọmọ ṣeré.

Sparta borí Áténì ní ọdún 404 Ṣ.K. pẹ̀lú owó Páṣíà. Wúrà àti fàdákà wọ ìlú, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sọ́wọ́ ìdílé díẹ̀, àwọn tí kò lè san ti tábìlì mọ́ sì ń pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí ọdún 399, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Cinadon, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ó dọ́gba, dìtẹ̀. Xenophon sọ pé ó mú ẹnì kan lọ sí ọjà, ó ní kí ó ka iye ọmọ onílùú tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n tó 40. Àwọn yòókù nínú ọjà lé ní 4,000. Cinadon ní àwọn 40 yẹn ni ọ̀tá, gbogbo àwọn tí ó kù ni alájọṣe. Àṣírí tú, wọ́n sì mú un. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ rẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní Sparta. Èrò ìdọ́gba tí ìlú fi ń yangàn ni ó ń bèèrè.

Ọdún 371 Ṣ.K. ni ọjọ́ pé. Ní Leuctra, Epaminondas ará Thebes fi ọgbọ́n tuntun to àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó kó èyí tí ó pọ̀ jù sí apá òsì, níbi tí yóò ti dojú kọ àwọn ọmọ onílùú Sparta gan-an. Ọba Cleombrotus kú. Nínú 700 ọmọ onílùú tí ó wà níbẹ̀, 400 kú. Nígbà tí ìròyìn dé Sparta, wọ́n ń ṣe ọdún eré àti orin. Àwọn Ephor kò jẹ́ kí orin náà dúró. Wọ́n fi orúkọ òkú ránṣẹ́ sí ẹbí wọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má pariwo ẹkún. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹbí òkú ń rìn kiri pẹ̀lú ojú tí ó tújú ká. Àwọn ẹbí ẹni tí kò kú ni ó ń fi ojú pa mọ́. Títí di ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ Sparta kò yẹ̀ lára àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ni kò sí mọ́.

Epaminondas kó ogun wọ Laconia. Àwọn obìnrin tí kò rí èéfín iná ọ̀tá rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé rí i. Ó rékọjá sí Messenia, ó dá àwọn Helot ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú Messene dó ní ọdún 369 Ṣ.K. pẹ̀lú odi òkúta tí apá kan rẹ̀ ṣì dúró di òní. Pẹ̀lú oko Messenia ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ọmọ onílùú lọ, pẹ̀lú oúnjẹ náà ni ẹ̀tọ́ wọn lọ. Aristotle kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé wọn kò tó 1,000 mọ́. Nígbà tí ọba Agis kẹrin gorí oyè ní nǹkan bí ọdún 244 Ṣ.K., Plutarch ní wọn kò ju 700 lọ. Agis fẹ́ pín ilẹ̀, ó fẹ́ fa àwọn Perioikoi wọlé kí iye wọn lè pọ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú pa á ní ọdún 241.

Ohun tí ìtàn Sparta ń kọ́ni

Aristotle sọ pé àwọn ará Sparta kọ́ bí a ti ń borí, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ bí a ti ń gbé pẹ̀lú àlàáfíà lẹ́yìn tí a bá borí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ìkóra-ẹni-níjàánu, ìfaradà, ìbọ̀wọ̀ fún òfin, kí ènìyàn fi ti ẹgbẹ́ ṣáájú ti ara rẹ̀: ìwà rere ni gbogbo wọn, kò sì sí ìlú tí kò nílò wọn. Àléébù Sparta ni pé inú agbo kékeré kan ni ó fi wọ́n mọ. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn agbo kò lè wọlé bí ó ti wù kí ó gbóyà tó, ẹni tí ó wà nínú agbo sì lè jáde nítorí àpò ọkà kan. Agbo tí ó ní ọ̀nà àbájáde tí kò ní ọ̀nà àbáwọlé kò lè ṣe kí ó má tán.

Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Láti di ọ̀gá àwọn Helot ni Sparta fi di ibùdó ọmọ ogun, nítorí ìbẹ̀rù wọn ni kò fi lè yí òfin rẹ̀ padà, òmìnira wọn ni ó sì parí agbára rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìgbà ìjọba Nabis, láàárín ọdún 207 sí 192 Ṣ.K., ìlú tí ń fi ènìyàn yangàn bí odi ti ń mọ odi yí ara rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ìjọba Róòmù, àwọn arìnrìn-àjò máa ń wá wo bí wọ́n ti ń na àwọn ọ̀dọ́ Sparta níwájú pẹpẹ Artemis Orthia. Wọ́n tilẹ̀ kọ́ ibi ìjókòó yí pẹpẹ náà ká fún àwọn olùwòran. Ìfaradà náà kù, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ń fara dà á nítorí rẹ̀ ti lọ.